Aṣọ Méjìlá Tí Àwọ̀ Wọn Kò Bára Mu

Ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́ ni obìnrin kan wọ inú ìsọ̀ mi ní Gbági tuntun, ní Ìbàdàn, ó da lésì méjìlá jáde láti inú àpò ńlá kan sórí tábìlì, ó sì sọ lójú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé olè ni mí. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì jókòó. Télọ̀ ti gé mẹ́ta nínú àwọn aṣọ náà, àwọn tó kù ṣì wà nínú ọ̀rá wọn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé lọ́wọ́ mi ló ti ra ogójì irú aṣọ kan náà ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, fún ìsìnkú ìyá rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ bá wọn dá aṣọ sì pọ̀ ju bó ṣe rò lọ, ó padà wá ra méjìlá kún un. Ẹjọ́ tó wá rò ni pé àwọ̀ wáìnì ti àkọ́kọ́ pọ́n, ti ẹ̀ẹ̀kejì sì ń ṣú lọ sí pọ́pù, àti pé bí ẹbí kan náà bá tò sẹ́yìn pósí nínú aṣọ tí kò bára mu, òun ni wọn yóò fi ṣe ẹ̀sín, nítorí pé ọwọ́ òun ni gbogbo wọn kó owó lé.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà kò dára, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní aṣọ kan náà ni. Mo ní ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe é, nọ́ńbà kan náà ló wà lára rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́dọ̀ dókítà kí ó tó máa pe ọmọ ọlọ́mọ lólè. Bí mo ṣe ń gbé ohùn sókè ni òun náà ń gbé tirẹ̀ sókè, títí àwọn ará ìsọ̀ tó wà ní òdìkejì fi dìde dúró. Oníbàárà méjì tó ti ń wo àǹkárá lọ́wọ́ rọra fi aṣọ sílẹ̀, wọ́n sì jáde.

Ìyá mi ló bá wa parí rẹ̀. Òun ló ni ìsọ̀ náà kí ó tó fi lé mi lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ọjà aṣọ ṣì wà ní Gbági àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dùgbẹ̀, níbi tí àwọn ará Lẹ́bánónì ti ń ta aṣọ lọ́pọ̀, ló ti wà nínú òwò yìí, ó sì máa ń wá jókòó tì mí ní ọjọ́ Sátidé. Kò bá mi wí, kò sì bá obìnrin náà jiyàn. Ó fa àpótí ìjókòó fún un, ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀ màmá o. Ẹ jókòó ná. Omi rèé." Nígbà tí obìnrin náà mu omi díẹ̀, ìyá mi bi í bóyá ó mú ọ̀kan dání nínú ogójì àkọ́kọ́. Ó mú un dání. Ìyá mi gba méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde sí gbangba, a sì tẹ̀ lé e. Nínú ìsọ̀, lábẹ́ iná funfun tí mo ń tàn láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́, bákan náà ni aṣọ méjèèjì ń rí. Nínú oòrùn, ọmọdé kò ní í pè wọ́n ní ọ̀kan. Ìyá mi wò mí, lẹ́yìn náà ó kọjú sí obìnrin náà, ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ."

Mo mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, òun sì ni ohun tó dùn mí jù. Ilé-iṣẹ́ kì í pa gbogbo aṣọ láró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá pa apá kan láró tán, tí wọ́n sì tún po aró mìíràn fún apá tó kù, àwọ̀ lè fi díẹ̀ yàtọ̀ síra bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà kan náà ni wọ́n kọ sára ìdì. Kò sí ẹni tó pẹ́ nídìí lésì tí kò mọ èyí. Ní ọjọ́ tí obìnrin náà wá ra méjìlá, mo mọ̀ pé inú ẹrù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni mo ti mú un, n kò sì sọ fún un, nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí pé yóò lọ wá irú ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. N kò purọ́ fún un. Mo kàn dákẹ́ níbi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ ni, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló sì bí ariwo tó bá mi nínú ìsọ̀.

Ìyá mi ló tún mú ìmọ̀ràn wá pé, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ìyàwó ilé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn méjìlá náà, kí wọ́n kúkú mú aṣọ mìíràn tó yàtọ̀ pátápátá, kí ó lè hàn sí gbogbo ayé pé a mọ̀ọ́mọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni. Mo gba méjìlá náà padà, mo fún un ní méjìlá aláwọ̀ eérú ní ojú owó, láìjẹ èrè kankan, mẹ́ta tí télọ̀ ti gé sì di àdánù tèmi. Mo fi wọ́n rán aṣọ fún àwọn ọmọ mi.

Láti ọjọ́ náà ni ojú tí mo fi ń wo àwọn tí a ń pè ní oníbàárà oníwàhálà ti yàtọ̀. Mo gbà pé ẹ̀rù ló ń ba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ti rẹ́ wọn jẹ níbìkan rí, tàbí wọ́n ti gbọ́ bí wọ́n ṣe rẹ́ ẹnìkan jẹ, wọ́n sì mọ̀ pé bí àwa tí a ń tajà bá fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ, àwọn kò ní í mọ̀ títí yóò fi bọ́ sórí. Òwò aṣọ gan-an sì ní ibi ìkọ̀kọ̀ púpọ̀, bí ẹni tó ń tà á kò bá ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìfura ni yóò ṣí i.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yáàdì. Yáàdì kan jẹ́ ìǹṣì 36, èyí tó túmọ̀ sí pé àǹkárá yáàdì mẹ́fà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìǹṣì 216. Ṣùgbọ́n mo ti wọn ìdì tí wọ́n kọ yáàdì mẹ́fà sí lára rí, tó jẹ́ pé márùn-ún àbọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pàápàá nínú àwọn tí owó wọn kò wọ́n. Èmi tí mo ra odidi ìdì kò tú u wò, ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi náà kò tú u, télọ̀ ló máa ń tú u, nígbà tí aṣọ kò bá sì tó ìró, ọ̀dọ̀ aláṣọ ni ẹjọ́ ń padà sí. Ẹlòmíràn a ti rẹ aṣọ sínú omi kí ó tó gbé e lọ fún télọ̀, òwú a sì sún kì nínú omi, òun a wá rò pé àìpé ló bá a. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìjà wa yẹn ni mo pe káfíńtà, ó kan ọ̀pá ìwọ̀n mọ́ etí tábìlì mi, níbi tí ẹni tó dúró níwájú mi yóò ti máa ka nọ́ńbà rẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀. Mo ń tú gbogbo aṣọ níwájú ẹni tó fẹ́ rà á, mo ń fún un ní etí kan kí ó dì í mú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì fi ẹnu kà á. Kì í gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Èyí tí kò bá pé, iye yáàdì tó wà nínú rẹ̀ gan-an ni mo ń gba owó rẹ̀. Àwọn ará ìsọ̀ kan sọ fún mi pé mò ń fi àbùkù ọjà ara mi hàn, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹjọ́ yáàdì kan ṣoṣo ló tíì padà wá bá mi, ẹni tó sì mú un wá ní òun gbàgbé pé òun ti rẹ aṣọ náà sínú omi.

Bákan náà ni àwọ̀. Bí mo bá fi omi díẹ̀ sí aṣọ funfun, tí mo sì fi pa ara àǹkárá, èyí tí yóò ṣí a fi ara rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì ń jiyàn pé òwú gidi kọ́ ni aṣọ kan, mo máa ń fa fọ́nrán òwú kan yọ létí rẹ̀, mo sì fi iná sí i: òwú gidi a jó di eérú, a sì máa rùn bí ìwé tó ń jó, èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe a yọ́, a sì le koko bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé aṣọ náà yóò ṣí, tó sì rà á nítorí pé owó rẹ̀ dẹrùn, kì í padà wá bá mi jà. Ó ti mọ ohun tó rà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sọ ti ìná, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ òwò yìí máa ń ka ẹni tó bá ná ọjà gidigidi mọ́ oníwàhálà. N kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó ń ná ọjà mi fẹ́ ọjà mi. Ìyá àgbàlagbà kan wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdámẹ́ta iye tí mo pè, tó máa ń dìde bí ẹni tó ń lọ, tó máa ń dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó padà, tó sì máa ń gba ẹ̀ènì gèlè lé e. Ogún ọdún ló ti ń rajà nínú ìsọ̀ yìí, láti ayé ìyá mi. Ẹni tí kò ná an rárá, tó kàn gbé aṣọ sílẹ̀ tó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, òun ló ń kọ mí lóminú, nítorí pé n kò mọ ohun tí mo ṣe. Ibi tí ìná ti ń di ìjà ni ìgbà tí ará ilé kan náà méjì bá ra aṣọ kan náà ní iye tó jìnnà síra. Nítorí náà mo ní iye kan tí n kò ní í gbà kí ọjà bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́, ì báà jẹ́ àlejò, ohun tí mo bá sì fẹ́ fi ṣe ojú rere, inú ẹ̀ènì ni mo ń fi í sí.

Ọdún 2023 dán ọ̀rọ̀ owó ọjà yìí wò kọjá ààlà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ní àárín oṣù Kẹfà ni wọ́n sì jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní iye ìjọba nígbà tí oṣù Kẹfà yẹn bẹ̀rẹ̀ ti kọjá 1,500 náírà kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Ilẹ̀ òkèèrè, pàápàá Ṣáínà, ni èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ tí à ń tà ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, nítorí náà iye tí mo pè lọ́jọ́ Ajé lè má jẹ́ iye tí mo máa pè lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ti gba owó aṣọ ẹbí jọ lọ́wọ́ ọgbọ̀n èèyàn, tó wá dé ìsọ̀ tí mo sọ fún un pé owó náà kò tó mọ́. Mo gbọ́ èébú púpọ̀ lọ́dún náà. Àwọn kan sọ pé àwa ọlọ́jà la ń fi ìyà jẹ ìlú, pé ọjà tí mo ti rà tẹ́lẹ̀ ni mo fi owó lé. Ní àwọn ìgbà kan, òótọ́ ni wọ́n sọ: ọjà àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n bí mo bá tà á ní iye àtijọ́, n kò ní í lè fi owó náà ra ìdajì rẹ̀ padà.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó rìsíìtì tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù fún wa sínú fáìlì kan, bí oníbàárà bá sì ti ń fẹjú mọ́ mi, mo ń ṣí i fún un. Ó ń rí ọjọ́ tí mo rà á, ó ń rí iye. Ìyá mi kò fara mọ́ èyí. Láyé tiwọn, ojú owó jẹ́ àṣírí tí èèyàn kì í fi han ọkọ rẹ̀ pàápàá. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i bí ojú àwọn èèyàn ṣe ń rọ̀ bí wọ́n bá ti ka ìwé náà. Obìnrin kan tó ti ń ṣépè kí ó tó jókòó kà á tán, ó ní, "Ẹ̀yin náà ń jìyà." Ó ra èyí tí agbára rẹ̀ ká. Nígbà tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa, NBS, gbé e jáde pé ìgbówólórí ọjà ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún, àwa tí a wà ní orí tábìlì kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún wa.

Èyí tó tún dùn mí jù láti rántí jẹ mọ́ owó orí fóònù. Ní oṣù Kejì ọdún 2023 kan náà, lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, tí àwọn èèyàn kò gba àtijọ́ mọ́, tí tuntun sì wọ́n bí ojú, tíráńsífà ló kù tí a fi ń tajà, àwọn báńkì kò sì lè gbé ẹrù náà. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó dájọ́ pé kí ìlú máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún. Ṣùgbọ́n kí ó tó dìgbà yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá ra àǹkárá fún ìyá rẹ̀, ó fi owó ránṣẹ́, báńkì yọ ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì dé ọ̀dọ̀ mi. Láti ọ̀sán títí di nǹkan bí aago mẹ́rin ló fi dúró. Ó na fóònù rẹ̀ hàn mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo sọ níwájú àwọn èèyàn pé bí àwọn tó ń fi àláàtì irọ́ jalè ṣe máa ń na fóònù náà nìyẹn. Kò dá mi lóhùn. Ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ láìgbé aṣọ. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni owó náà wọlé. Mo pè é, kò gbé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìyá rẹ̀ gbé e, mo sì gbé aṣọ náà lọ bá a ní Mọ́kọ́lá fúnra mi. Obìnrin náà gbà á, ó dúpẹ́, ó wá ní, "Ọmọ mi sunkún dé ilé lánàá." N kò rí èsì fọ̀.

Oṣù kan kò pé lẹ́yìn náà tí ẹnìkan tó múra dáadáa ra lésì olówó ńlá, tí àláàtì dún lórí fóònù mi pẹ̀lú orúkọ báńkì mi, tí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi sì sọ pé kí n yẹ inú àpò owó náà wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kí a tó gbójú sókè, ọkùnrin náà ti jáde lọ bí ẹni tó fẹ́ gba ìpè. Ojú olóòótọ́ àti ojú oníjìbìtì kò yàtọ̀ síra, n kò sì gbìyànjú láti máa ka ojú mọ́. Àpò owó mi nìkan ni mò ń wò, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sì ń sọ fún gbogbo èèyàn, títí kan pásítọ̀ wa àti àbúrò ọkọ mi: "Ẹ má bínú, owó yín kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ orúkọ yín sára aṣọ yín kí n gbé e sọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní í fọwọ́ kàn án. Ìgbàkigbà tó bá wọlé, n ó pè yín." Níwájú ẹni náà ni mo ti ń dì í, tí mo ń kọ orúkọ, tí mo ń gbé e sórí pẹpẹ kan tí mo yà sọ́tọ̀ fún un. Fún àwọn tí ẹ̀rọ POS bá yọ owó wọn lásán, mo kọ ọ́ sára páálí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà pé láti oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà láàárín wákàtí 72. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò padà kì í pariwo bí ẹni tó rò pé ó ti lọ.

Nípa àwìn, n kò ní í sọ púpọ̀. Ìjà àwìn aṣọ ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa ju ìsọ̀ èyíkéyìí lọ. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri láyé ìjọba òyìnbó, tí wọ́n ń tà á láwìn láti abúlé dé abúlé, ni a mọ̀ sí Òṣómàáló, nítorí pé bí ọjọ́ àdéhùn bá pé, wọn a lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn a ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn yóò ṣe wà títí owó àwọn yóò fi pé. Ṣáájú wọn ni ológò ti wà, ẹni tí olówó ń rán lọ dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀ títí ojú yóò fi ti gbogbo ẹbí. Èmi náà ti lóṣòó tì àwọn èèyàn rí, orí fóònù ni tèmi, ìpè àárọ̀ àti ìpè alẹ́. Mo gba owó mi, mo sì pàdánù obìnrin mẹ́ta tó ti ń rajà lọ́wọ́ wa tipẹ́. Ní báyìí, aṣọ ẹbí tí wọn kò bá san ìdajì owó rẹ̀, n kì í tú ìdì rẹ̀. Àbúrò ìyá mi bínú sí mi fún oṣù mẹ́ta nítorí èyí, mo sì faradà á.

Mo ní pátákó kan tẹ́lẹ̀ tí mo gbé kọ́ ẹ̀yìn orí mi: "Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà." Ó wà nínú ìsọ̀ púpọ̀. Mo ti sọ tèmi kalẹ̀. Òfin tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, fún ẹni tó rajà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, pátákó tí mo kọ fúnra mi kò sì lè gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí òfin, mo rí i pé pátákó náà ń bá àwọn èèyàn jà kí wọ́n tó la ẹnu. Ohun tí mo ń sọ báyìí nígbà tí mo bá ń kọ rìsíìtì ni pé bí àbùkù bá wá láti ọ̀dọ̀ mi tàbí láti ilé-iṣẹ́, kódà bí wọ́n bá ti gé aṣọ náà, kí wọ́n mú un wá. Bó bá jẹ́ pé ọkàn wọn ló yí padà, n ó pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje, bí wọn kò bá tíì gé e, tí wọn kò sì fọ̀ ọ́.

Àwọn kan ṣì wà tó jẹ́ pé ẹ̀tàn ni wọ́n bá wá. Wọ́n ti dá gèlè padà fún mi rí lọ́jọ́ Ajé, pé àwọ̀ rẹ̀ kò wu àwọn mọ́, tí ihò pínnì sì wà lára rẹ̀, tí pọ́ńdà iwájú orí ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. N kò pariwo. Mo tẹ́ gèlè náà sórí tábìlì, mo fi ìka tọ́ ibi tí pọ́ńdà wà, mo tún un ká, mo sì dá a padà fún un. Òun náà kò sọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí n kì í fi sùúrù gbà. Wọ́n máa ń sọ pé ọba ni oníbàárà. Ọba pàápàá ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ọkùnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó ti bàbá mi wá ra gínnì mẹ́wàá, ó bínú pé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pẹ́ kí ó tó gbé e wá láti òkè, ó bú ìyá ọmọ náà, ó sì da owó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ọmọ náà máa ṣà á. Mo ṣà á fúnra mi, mo kà á pé, mo fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, n kò ní í lè ta aṣọ yìí fún yín." Èrè gínnì mẹ́wàá kì í ṣe owó kékeré fún mi lọ́sẹ̀ náà. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a ń ti ìsọ̀, ó ní òun rò pé òun ni n ó ní kí ó lọ kúnlẹ̀ bẹ bàbá yẹn ni.

Ní ti obìnrin aláṣọ méjìlá, nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ kọjá kí n tó tún fojú kàn án. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló jọ wá, wọ́n fẹ́ mú aṣọ ìgbéyàwó ọmọ náà. Ó kí ìyá mi, ó kí mi. Ó yan aṣọ méjì nínú lésì aláwọ̀ iyùn, kí n sì tó sọ nǹkan kan ló ti kó wọn jáde sínú oòrùn, tó ń yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún fún ọmọ rẹ̀ kí ó wò ó. Nígbà tí wọ́n san owó tán, mo kọ nọ́ńbà ẹrù tí mo ti mú aṣọ náà sára rìsíìtì, bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn báyìí, mo sì ṣàlàyé fún un pé bí wọ́n bá fẹ́ kún un, nọ́ńbà yìí ni kí wọ́n bèèrè, àti pé bí kò bá sí mọ́, n ó sọ fún un pé kò sí. Ó gba ìwé náà, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó tún gbé e súnmọ́ ọn. Ó wá dá a padà fún mi pé kí n jọ̀ọ́ kọ nọ́ńbà náà kí ó tóbi díẹ̀, nítorí pé ojú òun kò ríran dáadáa mọ́.